Driver mọ́tò tí ò gbówó lórí: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí

Ká tó bẹ̀rẹ̀, mọ́tò tí mò ń sọ níbí kì í ṣe ọkọ̀ o, mọ́tò tó ń yí ni, irú èyí tó wà nínú wáípà, nínú fáànù kọ̀ǹpútà, nínú ọkọ̀ ìṣeré ọmọdé. Driver sì ni bọ́ọ̀dù kékeré tó máa ń wà láàárín Arduino (bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré tẹ́ẹ ń kọ code sí) àti mọ́tò yẹn, òun ló ń gbé iná fún mọ́tò bí Arduino bá ṣe pàṣẹ. Àwọn ọmọ polí àti yunifásítì tó ń ṣe project ló ń bi mí jù, tẹ̀lé wọn làwọn tó ń kan incubator ẹyin fúnra wọn. Mo kó ìbéèrè wọn jọ síbí torí ó máa ń dùn mí tí ẹnì kan bá ra driver mẹ́ta léraléra tí gbogbo ẹ̀ jó, nígbà tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ̀lú mítà ì bá ti gba owó ẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé mi ò lè so mọ́tò mọ́ Arduino tààrà ni?

Rárá o. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lára Arduino Uno, 20mA ni kẹ́ẹ máa fà níbẹ̀, tó bá ti dé 40mA ó ti kan òpin tí ìpalára ti ń bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò yẹ́lò kékeré tí wọ́n fi ń ṣe táyà róbọ́ọ̀tì, kódà tí ò bá gbé nǹkan kan, ó ń fà jùyẹn lọ dáadáa. Ohun kejì ni pé wáyà tí wọ́n wé ló wà nínú mọ́tò, tẹ́ẹ bá ṣàdédé já iná ẹ̀, iná tó wà nínú wáyà yẹn ò ní dúró lẹ́ẹ̀kan náà, á ta padà pẹ̀lú fóltì tó ga ju ti bátìrì yín lọ, ibi tó bá sì gbà kọjá ló máa bà jẹ́. Bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tí mo ní nìyẹn, bó ṣe kú nìyẹn, mi ò fẹ́ kí tiyín kú bẹ́ẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ driver tó tó mọ́tò mi?

Ìbéèrè yìí gan-an ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tó wà níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Nọ́ńbà méjì lẹ nílò. Àkọ́kọ́, áńpù tó ń fà tó bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Ìkejì, áńpù tó ń fà tí nǹkan bá di í mú tí ò lè yí mọ́, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní stall. Àwọn èèyàn máa ń wo ti àkọ́kọ́ nìkan, wọ́n á sì gbàgbé pé gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ibi stall yẹn ló ti ń bẹ̀rẹ̀, torí kò tíì yí.

Tí mọ́tò yín bá jẹ́ àlòkù, bíi èyí tẹ́ẹ rà ní Ládípọ̀ lábẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n tú, ẹ ò ní rí datasheet (ìwé tí ilé iṣẹ́ fi ń sọ agbára ẹ̀) kankan, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ gbé mítà sí ohm, ẹ fi ẹnu ẹ̀ méjèèjì kan ara wọn, ẹ wo nọ́ńbà tó gbé wá, wáyà mítà fúnra ẹ̀ nìyẹn, ẹ máa yọ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà kẹ́ẹ wá wọn mọ́tò, ẹ yí ṣáfútì ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kẹ́ẹ wọ̀n ọ́n tó bíi ìgbà mẹ́ta mẹ́rin torí bọ́rọ́ọ̀ṣì inú ẹ̀ lè má jókòó dáadáa lójú kan, kẹ́ẹ mú èyí tó kéré jù. Ẹ wá fi nọ́ńbà ohm yẹn pín fóltì bátìrì. Ká ní bátìrì jẹ́ 12V, mọ́tò sì jẹ́ 2 ohm, stall ẹ̀ máa tó 6A. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún ti àkọ́kọ́, ẹ yọ wáyà pupa mítà yín bọ ojú ihò 10A, ẹ jẹ́ kí iná gba inú mítà kọjá lọ sínú mọ́tò, kẹ́ẹ kà á kíá, torí àwọn mítà yẹ́lò olówó pọ́ọ́kú yẹn, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá péré ni kó lò níbẹ̀, wọn ò sì fi fíúsì síbẹ̀. Tẹ́ẹ bá parí, ẹ dá wáyà pupa padà síbi tó wà, ẹni tó bá gbàgbé tó wá lọ wọn fóltì bátìrì pẹ̀lú ẹ̀, á bíríìjì bátìrì ni, ìyẹn ni pé á so pọ́sítíìfù mọ́ nẹ́gétíìfù tààrà.

Driver tẹ́ẹ máa rà, áńpù tó lè gbé láì dáwọ́ dúró gbọ́dọ̀ ju ti ìgbà tí mọ́tò ń ṣiṣẹ́ lọ, áńpù tó lè gbé fún ìgbà díẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ju ti stall lọ. Ẹ má wo iye owó kẹ́ẹ tó wo èyí.

Gbogbo èèyàn ló ń lo driver L298N, kí ló burú níbẹ̀?

Kò burú, ó ti pẹ́ ni. Tiransísítọ̀ àtijọ́ ló wà nínú ẹ̀, kì í ṣe MOSFET (irú tiransísítọ̀ tí kì í jẹ fóltì púpọ̀), àwọn tiransísítọ̀ àtijọ́ yẹn sì máa ń jẹ lára fóltì kó tó dé ọ̀dọ̀ mọ́tò. Nínú datasheet ẹ̀, tẹ́ẹ bá ń fa 1A, ohun tó ń jẹ lè jẹ́ 1.8V, ó sì lè tó 3.2V. Tó bá di 2A, ó lè tó 4.9V. Ẹ wá wo ẹni tó lo bátìrì mẹ́rin tó jẹ́ 6V lápapọ̀, tó so mọ́tò 6V mọ́ ọn, tó wá ń bi mí pé kí ló dé tí róbọ́ọ̀tì òun ò lè gun òkè. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ mọ́tò lè má tó 4V! Ìyókù ti di ooru, ìdí tí wọ́n fi kan irin dúdú ńlá mọ́ ọn lẹ́yìn nìyẹn.

Tí bátìrì bá jẹ́ 12V tí mọ́tò ò sì kọjá 1A, L298N ń ṣiṣẹ́ ẹ̀, mi ò ní bú u. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà lára bọ́ọ̀dù yẹn tí wọ́n máa ń ṣì. Jumper (ike kékeré tó ń so ẹsẹ̀ méjì pọ̀) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi 12V, òun ló ń tan 78M05 tó ń ṣe 5V, tí iná yín bá ju 12V lọ ẹ yọ ọ́, kẹ́ẹ fi 5V tiyín fún un láti ibòmíì. Àwọn jumper ENA àti ENB, tí wọ́n bá wà níbẹ̀ mọ́tò á máa sáré tán ni, tẹ́ẹ bá fẹ́ fi PWM (títan iná àti pípa á kíákíá léraléra) dín eré ẹ̀ kù ẹ yọ wọ́n kẹ́ẹ so ẹsẹ̀ yẹn mọ́ Arduino.

L293D jẹ́ ìbátan ẹ̀ tó kéré, 600mA ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, dáyódù tó ń gba iná tó ń ta padà ti wà nínú ẹ̀. Èyí tí ò ní D lórúkọ, L293 lásán, ń gbé 1A ṣùgbọ́n kò ní dáyódù, ẹ̀yin lẹ máa fi síta.

Kí ni mo lè rà dípò ẹ̀ fún róbọ́ọ̀tì kékeré?

Tí bátìrì yín ò bá ju 18650 (irú bátìrì tó wà nínú láptọ́ọ̀pù àtijọ́) méjì lọ, ìyẹn bíi 7.4V, èmi DRV8833 tàbí TB6612FNG ni màá rà. MOSFET ló wà nínú àwọn méjèèjì, nítorí náà fóltì tí wọ́n ń jẹ kéré, wọn ò sì nílò irin ńlá. DRV8833 ń ṣiṣẹ́ láti 2.7V dé 10.8V, nǹkan bíi 1.5A ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. TB6612FNG ń gbé 1.2A láì dáwọ́ dúró, 3.2A fún ìṣẹ́jú-àáyá tó kéré gan-an, àmọ́ fóltì mọ́tò ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kọjá 15V rárá, èmi kì í tiẹ̀ fún un ju 12V lọ. Ẹsẹ̀ kan wà lára TB6612 tí wọ́n kọ STBY sí, tẹ́ẹ ò bá so ó mọ́ 5V tàbí 3.3V yín, mọ́tò ò ní mira, ẹ ó sì rò pé bọ́ọ̀dù ti bàjẹ́. Ó tó ẹni mélòó kan tó ti da TB6612 nù nítorí STBY, ó dùn mí púpọ̀.

Fún mọ́tò kan ṣoṣo tó jẹ́ 12V tàbí 24V, DRV8871 dára, 6.5V dé 45V, ó lè gbé tó 3.6A lẹ́ẹ̀kan, ó sì máa ń dín áńpù kù fúnra ẹ̀ tí mọ́tò bá fẹ́ fà jù.

BTS7960 tí wọ́n kọ 43A sí lára, ṣé òótọ́ ni?

43A yẹn, ibi tí chip ti máa ń dín áńpù kù láti gba ara ẹ̀ là ni, kì í ṣe ohun tẹ́ẹ lè máa fà láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ wo skrú tí wọ́n fi ń de wáyà lórí bọ́ọ̀dù yẹn, ẹ wo bí ọ̀nà kọ́pà ẹ̀ ṣe tínrín tó, ẹ ti mọ̀. Fún mọ́tò wáípà tàbí ti gíláàsì ọkọ̀, tó jẹ́ pé áńpù díẹ̀ ló ń fà tó bá ń ṣiṣẹ́, ó dára gan-an, àyà mi máa ń balẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. R_EN àti L_EN méjèèjì gbọ́dọ̀ ní iná kó tó ṣiṣẹ́. Fóltì ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kọjá 27V, bátìrì 24V tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ṣájà sì lè kọjá ibẹ̀, ẹ ṣọ́ra.

Mọ́tò mi ò nílò láti yí padà, ọ̀nà kan ló ń yí. Ṣé mo ṣì nílò H-bridge?

Ẹ ò nílò ẹ̀! Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù nìyí. H-bridge jẹ́ swíìṣì mẹ́rin tí wọ́n tò bíi lẹ́tà H, mọ́tò wà láàárín, kí iná lè gba ọ̀tún tàbí òsì, ẹni tí fáànù ẹ̀ tàbí pọ́ǹpù omi ẹ̀ ò ní yí padà láé, kí ló fẹ́ fi swíìṣì mẹ́rin ṣe? MOSFET kan, dáyódù kan, rẹsítọ̀ méjì, ó parí.

Bẹ́ẹ ṣe máa so ó nìyí. MOSFET ní ẹsẹ̀ mẹ́ta: gate tó ń gba àṣẹ, drain tí iná ń gbà wọlé, source tí iná ń gbà jáde. Pọ́sítíìfù bátìrì lọ sí ẹsẹ̀ mọ́tò kan. Ẹsẹ̀ mọ́tò kejì lọ sí drain. Source lọ sí nẹ́gétíìfù bátìrì, GND (nẹ́gétíìfù) Arduino náà sì gbọ́dọ̀ wá síbẹ̀. Láti ẹsẹ̀ Arduino, ẹ gba inú rẹsítọ̀ 220 ohm lọ sí gate, kẹ́ẹ tún fi 10k so gate mọ́ source kí mọ́tò má bàa máa yí fúnra ẹ̀ nígbà tí Arduino ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Dáyódù á wà lórí mọ́tò, ìlà tó wà lára ẹ̀ kọjú sí pọ́sítíìfù. Tẹ́ẹ bá yí dáyódù yẹn padà, ẹ ti bíríìjì bátìrì nìyẹn nígbà tí MOSFET bá ṣí. Tẹ́ẹ bá kọjú sí MOSFET níbi tí wọ́n kọ̀wé sí, láti òsì, gate, drain, source, irin ẹ̀yìn ẹ̀ sì so mọ́ drain, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó kan nǹkan míì.

Tó bá jẹ́ tan-kó-pa lásán, 1N4007 lè ṣe é fún mọ́tò kékeré. Tẹ́ẹ bá ń lo PWM, 1N4007 máa ń lọ́ra jù, ẹ wá 1N5819 fún 1A tàbí 1N5822 fún 3A.

IRFZ44N ni mo rí rà. Mọ́tò ń yí, ṣùgbọ́n MOSFET ń gbóná gan-an, kí ló fà á?

Torí 5V Arduino ò tó o láti ṣí tán. IRFZ44N fẹ́ 10V ní gate kó tó ṣí dáadáa, tẹ́ẹ bá fún un ní 5V ó dà bí ìlẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀ tí èrò ń fún ara wọn kọjá, ooru ibẹ̀ lẹ ń fọwọ́ kàn yẹn. IRLZ44N lẹ nílò, lẹ́tà L yẹn ni kẹ́ẹ wò. Ní 5V, ohun tó ń dí iná lọ́nà nínú ẹ̀ ò ju 0.025 ohm lọ, tẹ́ẹ bá ń fa 2A ooru ẹ̀ jẹ́ 0.1W péré, ẹ ò nílò irin kankan. L298N tó ń fa 2A kan náà lè jó tó bíi 9W dànù. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń lo ESP32 (bọ́ọ̀dù míì bíi Arduino), 3.3V ni tiyín, IRLZ44N gan-an ò ní ìdánilójú níbẹ̀ tí áńpù bá pọ̀. Ẹ fi tiransísítọ̀ kékeré bíi BC547 gbé 12V wá sí gate (àmọ́ ó máa yí àṣẹ yín padà, HIGH á di pa, ẹ tún un ṣe nínú code), tàbí kẹ́ẹ ra chip tí wọ́n ṣe fún gate.

Mò ń ṣe incubator. Kí ni kí n fi yí ẹyin?

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi torí iṣẹ́ tó ń bọ́ èèyàn ni. Ẹyin adìyẹ ń lo ọjọ́ 21, wọ́n á sì dáwọ́ yíyí ẹ̀ dúró ní ọjọ́ 18, ẹ̀rọ yẹn ò wá nílò láti sáré rárá, kí ó kàn gbé àwo sọ́tùn-ún, kó dúró, kó gbé e sósì lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Kí ló fẹ́ fi PWM ṣe? Rílè (swíìṣì tí Arduino lè tan) méjì ti tó. Rílè búlúù tí wọ́n kọ 10A sí lára, ó pọ̀ níta, ó sì ń tọ́ tí mọ́tò yín ò bá fa kọjá bẹ́ẹ̀.

Ẹ so COM rílè kọ̀ọ̀kan mọ́ wáyà mọ́tò kọ̀ọ̀kan. NO méjèèjì lọ sí pọ́sítíìfù, NC méjèèjì lọ sí nẹ́gétíìfù. Tẹ́ẹ bá tan rílè kìíní, ó yí sọ́tùn-ún, ìkejì, ó yí sósì, tẹ́ẹ bá pa méjèèjì tàbí tẹ́ẹ tan méjèèjì, mọ́tò dúró. Bó ti wù kí code yín ṣìṣe, wáyà ò lè bíríìjì bátìrì, mo fẹ́ràn ẹ̀ nítorí èyí. Ẹ kàn jẹ́ kó dúró díẹ̀ kẹ́ẹ tó yí i padà, kẹ́ẹ sì fi limit swíìṣì (èyí tó ń sọ pé àwo ti dé òpin) sí ìkángun méjèèjì.

Nípa mọ́tò wáípà, ìkìlọ̀ kan wà: ọ̀pọ̀ nínú wọn, ara irin wọn ni nẹ́gétíìfù, torí nínú ọkọ̀ ara ọkọ̀ ni wọ́n fi ń gba nẹ́gétíìfù. Tẹ́ẹ bá wá fẹ́ yí i padà, ara irin yẹn á di pọ́sítíìfù, tó bá sì kan férémù incubator tó so mọ́ nẹ́gétíìfù, wàhálà dé. Ẹ fi mítà wò ó bóyá wáyà kan so mọ́ ara ẹ̀. Mọ́tò gíláàsì ọkọ̀ ni mo máa ń sọ pé kí wọ́n rà, torí láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe é kó máa lọ kó máa bọ̀.

Ṣé mo lè to H-bridge tèmi fúnra mi kó lè dín owó kù?

Tó bá jẹ́ láti kọ́ ẹ̀kọ́, ẹ ṣe é, mo rọ̀ yín. Tó bá jẹ́ torí owó, lọ́pọ̀ ìgbà kì í dín kù, torí àwọn tó máa jó kẹ́ẹ tó ṣe é tán wà níbẹ̀. Ohun tó ń jó wọn ni pé swíìṣì òkè àti ti ìsàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan náà ṣí pọ̀, iná bátìrì gba inú wọn kọjá láì dé ọ̀dọ̀ mọ́tò, MOSFET á là pàú. Tó bá jẹ́ 12V, IRF9540 lókè, IRFZ44N nísàlẹ̀, tiransísítọ̀ kékeré láti máa darí gate wọn, kẹ́ẹ sì jẹ́ kí code dúró díẹ̀ láàárín ìgbà tẹ́ẹ pa ẹ̀gbẹ́ kan àti ìgbà tẹ́ẹ tan ìkejì. Tẹ́ẹ bá fẹ́ lo IRFZ44N mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ nílò chip bíi IR2104, òun fúnra ẹ̀ máa ń fi àyè sílẹ̀ láàárín méjèèjì, àmọ́ kò lè ṣí swíìṣì òkè sílẹ̀ títí lọ, ẹ ò lè fi PWM 100% síbẹ̀.

Tí mọ́tò bá ti bẹ̀rẹ̀, Arduino mi á kú, á tún tàn. Kí ni kí n ṣe?

Bátìrì lẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ 9V onígun mẹ́rin yẹn lẹ fi gbé mọ́tò, ẹ gbé e sílẹ̀, kò lágbára áńpù, rédíò kékeré ni wọ́n ṣe é fún. 18650 tẹ́ẹ yọ nínú bátìrì láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ṣì dára sàn jù ú lọ fíìfíì. Lẹ́yìn náà, GND mọ́tò àti GND Arduino, ṣé wọ́n pàdé? Tí wọn ò bá pàdé, driver ò mọ ohun tí Arduino ń sọ, ìdajì àwọn tó pè mí ìyẹn ló ṣe wọ́n. Ẹ fi kapásítọ̀ 470µF tàbí 1000µF sí ẹnu ibi tí iná ti ń wọ driver, kẹ́ẹ sì fi lẹ́ẹ̀dì jó kapásítọ̀ 0.1µF mọ́ ẹsẹ̀ mọ́tò méjèèjì gan-an, níbi mọ́tò o, kì í ṣe níbi bọ́ọ̀dù.

Mọ́tò ń hu bí ẹ̀fọn tí mo bá lo PWM.

PWM Arduino Uno jẹ́ 490Hz, ẹsẹ̀ 5 àti 6 jẹ́ 980Hz, etí ń gbọ́ ọ. Tẹ́ẹ bá gbé e kọjá 20kHz ẹ ò ní gbọ́ ọ mọ́, ó rọrùn lórí ESP32. TB6612 ò ní ìṣòro níbẹ̀, L298N á túbọ̀ gbóná.

Stepper (mọ́tò tó ń yí ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀) ńkọ́?

28BYJ-48 tó jẹ́ 5V, ULN2003 tó ń bá a wá ti tó o. NEMA 17, A4988, tó lè gbé bíi 1A láìsí irin lẹ́yìn, tàbí DRV8825 tó lè gbé 1.5A. Ẹ yí skrú kékeré ẹ̀ láti ṣètò áńpù kẹ́ẹ tó lò ó, ẹ má sì yọ wáyà mọ́tò nígbà tí iná ṣì wà lórí ẹ̀ láé, ó ń pa wọ́n.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé MOSFET tí mo rà kì í ṣe ayédèrú?

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi, mo ra mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹnì kan, orúkọ tó dára ló wà lára wọn, inú wọn ò rí bẹ́ẹ̀. Látìgbà náà, gílóòbù tráfíkétọ̀ ọkọ̀, 12V 21W, ni mo fi ń dán wọn wò. Ó ń fa bíi 1.75A. Ẹ fi sí àyè mọ́tò, ẹ fún gate ní 5V tó bá jẹ́ IRLZ44N, 12V tó bá jẹ́ IRFZ44N, kẹ́ẹ wá wọn fóltì láàárín drain àti source. Kò yẹ kó ju bíi 0.05V lọ. Tẹ́ẹ bá rí ìdajì fóltì kan (0.5V), ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Breadboard tàbí vero?

Breadboard (èyí tẹ́ẹ kàn ń ki wáyà bọ̀ láìlo lẹ́ẹ̀dì) fún àyẹ̀wò, tí ò bá ju 1A lọ. Lẹ́yìn ìyẹn vero board (èyí tẹ́ẹ ń fi lẹ́ẹ̀dì jó nǹkan mọ́), kẹ́ẹ fi wáyà nípọn lé ojú ọ̀nà tí áńpù ń gbà kẹ́ẹ sì da lẹ́ẹ̀dì bò ó. Ẹ fi fíúsì sí pọ́sítíìfù bátìrì, pàápàá bátìrì ọkọ̀ tàbí ti inverter, torí áńpù tó wà nínú wọn lè sọ wáyà di iná lójú ẹsẹ̀.

Mo ti ra L298N kí n tó ka èyí. Ṣé kí n jù ú nù?

Ẹ má jù ú nù o. Ẹ wọn mọ́tò yín bí mo ṣe sọ lókè. Tó bá jẹ́ mọ́tò 6V, tí stall ẹ̀ ò sì kọjá 1A, ẹ fún driver ní 8V tàbí 9V láti ara bátìrì tó lágbára, ìyẹn á dí ohun tó ń jẹ. Ẹ kàn fi mítà wọn ẹnu mọ́tò nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, kó má kọjá 6V.